Ọ̀bẹ Jethro Nínú Báàgì Agnes

Lọ́dún 1994, nígbà tí epo bẹtiróò wọ́n débi pé àwọn mọ́tò ń tò bí ẹni fẹ́ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ọ̀rọ̀ kan kúrò ní Oǹdó, ó kọrí sí Àkúrẹ́. Kò rí mọ́tò wọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, síbẹ̀ ó dé ṣáájú owó oṣù. Wọ́n ní opó kan wà ní Oǹdó tí òkú ọkọ rẹ̀ ń gbé inú ọ̀bẹ, pé inú báàgì ni obìnrin náà fi ọ̀bẹ ọ̀hún sí kiri, àti pé ọ̀bẹ a máa sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ọ̀bẹ ti ń ka orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Nígbà tó fi dé Ijapo Estate, níbi tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ń gbé, ọ̀bẹ ti ń gbé ohùn bẹ́ẹ̀sì sí orin ìyìn, ó sì ti rán ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ opó náà sọ́run.

Agnes Oríọlá ni opó tí wọ́n ń wí. Ọmọ kátíkíìsì ni, ọmọ bíbí Oǹdó, ó sì tín-ín-rín débi pé bí òjò bá ń rọ̀, ó lè gba àárín ẹ̀kán òjò méjì kọjá kí aṣọ rẹ̀ má tutù. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun ló ń yẹ kòkó wò ní ilé ìkẹ́rù tó wà ní Oǹdó. Nígbà mìíràn wọn a rán an lọ sí Ipogun tàbí Ijare. Kò sí àpò kòkó tó gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò lọ sí èbúté bí irú Agnes kò bá fi òǹtẹ̀ sí i. Yóò bu hóró nínú àwọn àpò, yóò ka ọgọ́rùn-ún, yóò fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ní òòró, yóò tò wọ́n sórí pákó, yóò wá wo inú wọn. Hóró tó gbẹ dáadáa, inú rẹ̀ a rí bí ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èyí tó ti bu, funfun a bò ó bí ewú orí àgbàlagbà. Bí ẹlẹ́wú bá pọ̀ jù, kí olóko gbé kòkó rẹ̀ padà sílé kó lọ máa sá a.

Ọ̀bẹ ni gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ọ̀bẹ. Ìjọba ní òǹtẹ̀, ó ní fáìlì, ó ní bàbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbé fáìlì láti orí tábìlì kan sí èkejì. Ní ti ọ̀bẹ, ìwé kan ló ti Àkúrẹ́ wá pé nítorí bí ìlú ṣe le, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa mú tirẹ̀ ti ilé bọ̀. Èyí tí Agnes ń mú ti ilé bọ̀ ni ọ̀bẹ Jethro.

Jethro Oríọlá, ọkọ rẹ̀, ará Òkìtìpupa, ló ṣe iṣẹ́ náà kó tó kan Agnes. Ó ra ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó sì lò ó fún ogún ọdún ó lé. Ọ̀bẹ àpò ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èkù. Kò gùn ju ìka àárín lọ. Ìwo ẹran ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀. Láàárọ̀ ó ń la kòkó, lọ́sàn-án ó ń bó ọsàn, ó ń gé okùn àpò, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù, ó ń gé òwú lára aṣọ Agnes. Òun ni wọ́n fi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ Títílọpẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, òun náà ni wọ́n sì fi gé kéèkì ìsàmì rẹ̀. Jethro gbà pé ọkùnrin tí kò ní ọ̀bẹ lápò kò tíì wọṣọ tán. Bó bá ń ronú, àtàǹpàkò rẹ̀ a máa ṣí ọ̀bẹ náà, a tún máa pa á dé: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Ogún ọdún ni Agnes fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí etí òun sinmi.

Etí rẹ̀ sinmi ní 1992. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Jethro jókòó sídìí pákó rẹ̀, ó la hóró mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ó mú ìkẹyìn dání, ó sì gbé orí lé tábìlì. Odidi wákàtí kan ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rò pé ó ń bínú nítorí owó oṣù, torí bí gbogbo wọn ṣe ń jókòó nìyẹn lákòókò náà. Ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀. Wọ́n fi àpòòwé ìjọba di ọ̀bẹ àti bàtà rẹ̀ fún Agnes, wọ́n ní kó buwọ́ lùwé pé òun gbà á. Taipísì ni Agnes tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ti di ilé aláǹgbá. Wọ́n kúkú gbé e sórí àga ọkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti ibẹ̀ dé, ó gbé ọ̀bẹ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wọ ilé ìdáná. Aago mẹ́rin ń lù. Aago mẹ́rin yìí gan-an ni Jethro máa ń wọlé. Kò sí ẹnì kankan ní pálọ̀. Kẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni Agnes wí. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó bá a. Ó wá dúró síbẹ̀, ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wo ẹ̀yìn. Nígbà tó yọjú, ọ̀bẹ wà níbi tó gbé e sí, ojú rẹ̀ yọ díẹ̀ nínú èkù, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó tì í. Ìbẹ̀rù kọ́ ló mú un. Ìbẹ̀rù ì bá sàn, torí a máa ń sá fún ìbẹ̀rù. Ohun tó ṣe é ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de aago mẹ́rin.

Nídìí pákó, ó tún ku nǹkan kan. Bó bá ti la hóró mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ a kọ̀. A ṣe é bí ẹni pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń retí kí wọ́n fún un ní ìyókù iṣẹ́ rẹ̀. Èémí onítọ̀hún a máa kan ọrùn rẹ̀. Eyín ni Agnes ń fi la hóró ìkẹyìn. Àwọn àgbẹ̀ Ipogun rí i, wọ́n rò pé òfin tuntun ni ìjọba ṣe. Kí oṣù tó parí, kò sí àgbẹ̀ níbẹ̀ tí kì í fi eyín yẹ kòkó rẹ̀ wò kó tó gbé e wá, àwọn tí eyín wọn ti tán sì ń háyà àwọn tó léyín.

Bó ṣe rí nìyẹn tó fi di Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, tí àlùfáà ní kí ìjọ dákẹ́, kí kálukú ro ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Oòrùn ń ta wọlé láti ojú fèrèsé sórí báàgì Agnes. Kẹ̀. Agnes fọwọ́ tẹ báàgì, ó rọra ní, "Bàbá Títí, ẹ jọ̀ọ́, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ìyá Àánú ló jókòó níwájú rẹ̀. Ìyá Àánú yìí, ètè rẹ̀ méjèèjì kò tíì fojú kanra láti ìgbà ogun abẹ́lé. Kí wọ́n tó gba ọrẹ, àga mẹ́fà ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ì bá di ẹ̀rín, àfi pé Títílọpẹ́, tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, ti rí ọkọ. Bọ́láwálé ni orúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ Bàbá Adépọ̀jù, ará Ọ̀wọ̀, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé Ijapo Estate. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdílé ọkọ fẹ́ wá sí Oǹdó fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá Adépọ̀jù ránṣẹ́ ṣáájú. Ó ní onígbàgbọ́ ni òun, òun kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò òun obìnrin láti Ọ̀wọ̀ kò ní wọ ilé tí ọ̀bẹ náà bá wà, òun pẹ̀lú kò sì ní fi wọ́n sílẹ̀ wọlé. Bí ọ̀bẹ bá wà níbẹ̀, mọ́tò àwọn á ti ẹnu ọ̀nà yí padà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó á sì parí síbẹ̀.

Títí wá sílé ní ọjọ́ Rú. Ó bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, tó jókòó ti tábìlì, tó ń dá sọ̀rọ̀.

"Mọ̀mí, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mò ń ronú ni."

"Ẹ ra ọ̀bẹ mìíràn. Mo bẹ̀ yín. Irin lásán ni."

"Èmi náà mọ̀ pé irin ni," ni Agnes wí, ó sì gbé e sínú báàgì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ Àkúrẹ́. Ó di kòkó bíi hóró ogún sínú áńkáṣíìfù, ó mú ọsàn kan àti okùn àpò, ó lọ bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Stephen ní Ọjà Ọba, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kún fún irin débi pé ìró ìpẹtà ń dún níbẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ohun tí Agnes ń wá kò pọ̀, ló rò. Ojú ọ̀bẹ tí kò nípọn jù tí á fi fọ́ kòkó, tí kò sì fẹ́lẹ́ jù tí á fi tẹ̀ bó bá kan iṣu. Èkù tí òógùn kò ní mú yọ̀ lọ́wọ́. Kó ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí, torí hóró wà ní ọwọ́ kejì. Kó sì jẹ́ pé bí a bá pa á dé, ó dé nìyẹn. Kó gba òkúta ìpọ́nbẹ ẹ̀yìnkùlé, kó má di pé à ń wá ẹ̀rọ kiri.

Stephen kọ́kọ́ gbé ọ̀kan jáde tó ń dán gbinrin. Ènìyàn lè fi í fá irùngbọ̀n, ìyẹn ni pé kó máa wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń fi nǹkan mìíràn fá a. Nígbà tó kan kòkó, ó rún un wómúwómú. Ó gbé òmíràn jáde tó ní síṣọ́ọ̀sì, ṣíbí, ìṣígò, àti irin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe, tó fi mọ́ ẹni tó rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ inú rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹ̀kẹta le débi pé Stephen fi eyín ṣí i, aládùúgbò rẹ̀ sì bá a di ìdí ọ̀bẹ mú. Ẹ̀kẹrin gé kòkó dáadáa, ó bó ọsàn, ó gé okùn. Agnes ṣí i, ó pa á dé, ó gbé e sétí. Ó dá a padà.

"Kí ló tún ṣe ìyẹn, Màmá?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Stephen wo àwọn ọ̀bẹ tó kún ilẹ̀. "Màmá, ọ̀bẹ lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ yan ọkọ?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Agnes kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn di kòkó rẹ̀ padà sínú áńkáṣíìfù. Àánú rẹ̀ ṣe Stephen. Ó ní kó lọ bá Ọládélé, alágbẹ̀dẹ kan ní Ijare, tó ń fi sípíríǹgì mọ́tò rọ ọ̀bẹ, ó ní irin tó ti gbé èrò ogún láti Àkúrẹ́ dé Èkó kò ní bẹ̀rù hóró kòkó.

Àgbàlagbà ni Ọládélé, èdè Àkúrẹ́ ló kún ẹnu rẹ̀. Ó ní kí Agnes wọ ulé, ó ní kó jókòó, ó sì ní kó mú ọ̀bẹ tó ń lò wá kí òun wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí lára rẹ̀. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó gbé e sínú oòrùn ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ọ̀bẹ dún: kẹ̀. Agnes dìde lórí àpótí.

Ọládélé kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ti kú. Bí oòrùn bá mú irin, á nà, ojú ọ̀bẹ á ta jáde díẹ̀. Ó bi í bóyá oòrùn máa ń kan ibi tó ń gbé e sí nílé. Agnes ronú kan tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ronú kan aago mẹ́rin, ó ronú kan báàgì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó fi ọdún méjì kọ́ wó lulẹ̀ níwájú ẹwìrì, kò sì gbọ́ ariwo rẹ̀.

"Iṣẹ́ kékeré ni," ni Ọládélé wí. "Mo lè tún un ṣe báyìí. Kò ní dún mọ́ láé."

Agnes já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá náà wò ó títí. "Kí ni ó ń sọ fún ọ, ọmọ mi?"

"Kò sọ nǹkan kan," ni Agnes wí. Kò tíì sọ ọ́ síta rí. "Kò sọ nǹkan kan rí, Bàbá."

Ọládélé kò bi í léèrè mọ́. Ó mú ojú ọ̀bẹ kan tó ti rọ tẹ́lẹ̀, ó fi wọn ọwọ́ Agnes, ó gbẹ́ igi apá ṣe èkù rẹ̀, ó fi ìṣó bàbà dè é. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, ó gbé e fún un. Kòkó là sí méjì láì ta èérún. Ó ṣí pẹ̀lú àtàǹpàkò kan, ó padé, kò dún. Ọ̀bẹ tó dára ni, irú èyí tí Jethro ì bá gbé yípo lọ́wọ́ fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Ìyẹn gan-an ló mú omi bọ́ lójú Agnes.

Ẹ̀yìn lọ́rì kòkó ló wọ̀ padà sí Oǹdó. Ní Ọwẹ̀nà, táyà jò, gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Agnes rìn lọ sórí afárá, ó na ọ̀bẹ Jethro sókè odò. Omi dúdú ń lọ nísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ náà títí ó fi kú tipiri, lẹ́yìn náà ó ká a padà. Kò mọ̀ pé Ìyá Àánú wà níwájú lọ́rì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, pé ó rí ọwọ́ nígbà tó lọ, kò sì dúró wo ìgbà tó bọ̀. Nígbà tí Títí bi í léèrè ní ọjọ́ Ẹtì, Agnes, ọmọ kátíkíìsì, dáhùn pé òun ti jù ú sódò.

Ní Sátidé, mọ́tò méjì dé, wọn kò yí padà. Bàbá Adépọ̀jù wọlé, àwọn àbúrò rẹ̀ wọlé, báàgì wọn wà ní abíyá bí ẹni pé ilé náà lè sáré. Agnes fi ọ̀bẹ tuntun bó ọsàn fún wọn, wọ́n wò ó bó ṣe ń bó o, wọ́n sì mu ún. Ara rọ̀. Ìyá Àánú dìde jẹ́rìí pé ojú òun báyìí ni ọ̀bẹ burúkú náà ṣe wọ odò Ọwẹ̀nà, pé odò hó bí omi ẹ̀kọ, pé ẹja mẹ́ta fò jáde, wọ́n ti jinná. Gbogbo ilé yin Olúwa lógo. Títí ń rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀ láti ọjọ́ Rú.

Ó ku àdúrà. Àgbà nínú àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ló gbà á. Ó dúpẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ fún tọkọtaya, ó wá gbé ohùn sókè pé kí Ọlọ́run dè mọ́ ìsàlẹ̀ odò, títí ayé, ẹ̀mí àìmọ́ tí ń jẹ́ Jethro, kó má ṣe rí ọ̀nà jáde láé.

"Àmín," ni gbogbo ilé wí. Agnes gbọ́ ohùn Títí láàárín wọn, ó mọ́ ketekete.

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó jáde. Ó gbé ọ̀bẹ Jethro kalẹ̀ sórí àwo, láàárín èèpo ọsàn. Obìnrin Ọ̀wọ̀ kan ti dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Adépọ̀jù na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀. Títí bo ojú.

"Mo purọ́ fún ọmọ mi," ni Agnes wí. "Kò wọ odò. Sípíríǹgì rẹ̀ ló kú, oòrùn ló ń mú un dún. Kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá Adépọ̀jù kò tíì dé fìlà. "Kí lẹ máa ń sọ fún un, Ìyá Títí?"

"Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, sà. Pé wọn kò tíì san owó oṣù. Pé Títí rí ọkọ, ará Ọ̀wọ̀, pé ọmọ náà máa ń dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀."

"Kí ló wá wí sí i?"

"Ọdún méjì rèé tí mo ti ń dúró, sà."

Bàbá Adépọ̀jù wo ọ̀bẹ náà. Lẹ́yìn náà ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó jókòó padà, ó ní kí àbúrò òun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, pé àwọn kò tíì parí ohun tí àwọn bá wá. Obìnrin náà padà, ó jókòó sétí àga. Títí kò ṣí ojú, ṣùgbọ́n ó ti wá dúró ti ìyá rẹ̀.

Agnes yíjú sí ibi tí Ìyá Àánú wà.

"Bẹ́ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, Ìyá Àánú, ẹ bá mi tún un sọ. Odò kò hó. Ẹja kankan kò jinná. Ọ̀bẹ kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ní ti Jethro Oríọlá, wọ́n ní inú ọ̀bẹ ló ń gbé. Mo ti wò ó dáadáa. Kò sí níbẹ̀."